Àtẹ̀gùn tí Bàbá Mi Gbẹ́ Sára Àpáta

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni òyìnbó oníṣègùn náà sọ lọ́jọ́ náà. Mo túmọ̀ méjì fún bàbá mi. Mo gbé ìkẹta mì. Irun orí mi ti funfun tán báyìí, síbẹ̀ bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, gbólóhùn kẹta yẹn a tún dún létí mi bí ẹni pé ìsinsìnyí ni wọ́n ń sọ ọ́.

Àbúrò mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Èmi ni àkọ́bí ìyá wa, òun ni àbíkẹ́yìn. Ọmọ méjì tí ìyá wa bí sí àárín wa kò dúró, nítorí náà àwa méjèèjì là ń wojú ara wa. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wa. Ó wà lára àwọn tó sá wá sí Abẹ́òkúta nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá inú igbó ká. Wọ́n ní nígbà tí àwọn yòókù ń ru aṣọ àti iṣu sálọ, owú irin tó fi ń rọ ọkọ́ àti àdá ni òun rù, tó rù ú títí tí ọrùn rẹ̀ fi wọ́. Ibi tí àpáta kan ti tẹ́ rẹrẹ ló tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, a sì bí èmi àti àbúrò mi síbẹ̀. Ilé wa wà lókè, odò kékeré tí à ń pọn wà lẹ́yìn ilé ní ìsàlẹ̀. Kí èèyàn tó dé odò, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá. Ìkòkò tó fọ́ níbẹ̀ kò níye, àwọn obìnrin tó sì ti ibẹ̀ di ẹni tó ń tiro kò kéré.

Ẹsẹ̀ àbúrò mi ni gbogbo agbo ilé fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ ni ìyá wa ń ṣe tà, ẹ̀kọ ṣíṣe sì ń fẹ́ omi púpọ̀. Àbúrò mi ló ń pọn ọ́n. Á gbé ìkòkò rù, á sáré sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, kò ní fọwọ́ di ìkòkò mú, kò sì ní wo ilẹ̀. Ìyá wa a máa kígbe lé e lórí títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, kì í sáré. Ibi tó yọ̀ jù lọ ló máa ń dúró sí, á na ọwọ́ sí àwọn ìyá arúgbó lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ di ọwọ́ mi mú, ìyá. Ẹ má wo ìsàlẹ̀."

Ìyá kan wà tó jẹ́ àgbà jù lọ nínú agbo ilé wa, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun pàápàá a máa dúró lókè àpáta, á máa pariwo orúkọ àbúrò mi títí yóò fi wá mú un lọ́wọ́.

Ní ìgbà tí mò ń wí yìí, mo ti ń lọ sí ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Bàbá mi kò gbàgbọ́, Ògún ló ń bọ, ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́nà. Ó ní irin tí a kò tíì fi sínú iná, a kì í mọ ohun tí yóò dà. Mo ti ń kàwé Yorùbá dáadáa, mo sì ń gbọ́ díẹ̀ nínú èdè òyìnbó. Bí mo bá dé láti ilé ìwé, àbúrò mi á jókòó tì mí, á ní kí n fi ìwé han òun. Kò pẹ́ tó fi mọ gbogbo lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn jù ni kó máa sín oníwàásù jẹ, kó máa fi imú sọ Yorùbá bí òyìnbó, títí bàbá wa á fi pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu nínú àgbẹ̀dẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Mo rí àbúrò mi tó ń bọ̀ láti odò, ó ń rìn, kò sáré. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Kí ló dé?"

"Orúnkún mi ló ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n."

Ìyá wa dáhùn láti inú ilé: "Eré tí o ń sá lórí àpáta ni. Mo sọ ọ́ tó."

Wọ́n fi òrí pa á. Wọ́n fi ewé gbígbóná jó o. Gbogbo wa rò pé ó ṣubú tí kò fẹ́ sọ. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ní kí n wá wo ẹsẹ̀ òun. Òkè orúnkún rẹ̀ ti wú, awọ ibẹ̀ ń dán. Mo fọwọ́ kàn án. Ẹran ni mo rò pé ọwọ́ mi yóò kàn. Ohun tó wà lábẹ́ awọ yẹn le bí òkúta. Mo yára gba ọwọ́ mi padà bí ẹni tí iná jó. Ó rí i pé mo gba ọwọ́ mi padà.

Bàbá mi ránṣẹ́ sí arúgbó kan lọ́nà Owódé tó mọ eegun tò. Ó wá, ó fọwọ́ tẹ ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tẹ abẹ́ itan rẹ̀ pẹ̀lú. Ó bi í léèrè bóyá ìrora náà ń jí i lójú oorun. Àbúrò mi ní ó ń jí òun. Arúgbó náà kó ewé àti ọ̀já rẹ̀ padà sínú àpò láì lo ọ̀kan. Ìyá wa gbé oúnjẹ wá fún un, ó ní òun kò ní jẹ. Ó pe bàbá mi bọ́ sí ìta, mo tẹ̀ lé wọn.

"Eegun yìí kò yẹ̀," ni ó wí. "Jẹjẹrẹ ni. Mo ti rí i lọ́mú obìnrin, mo ti rí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. N kò tíì rí i kó wọ ilé kan kó jáde lọ́wọ́ òfo."

Jẹjẹrẹ. Lára ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá mi ń wò ó lẹ́nu bí ẹni tí kò gbédè. Ìyá mi tó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bá ṣe àwàdà tí kò dùn, ó sì padà sídìí ìkòkò, ó ń ro ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ náà jóná lọ́jọ́ náà. Kò jóná lọ́wọ́ rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Èmi ni mo bẹ bàbá mi pé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń ṣètọ́jú aláìsàn lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì. Ó kọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó gbà. Àbúrò mi kò lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ mọ́ nígbà náà. Mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ jòjòló, a gba ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ti ń wò wá. Kò wúwo lẹ́yìn mi. Ó ti fúyẹ́ jù.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí létí mi, "ẹ rọra o. Ẹrù yín kò ní òṣùká."

Òyìnbó náà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Ó jẹ́ ọkùnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó máa ń bá a túmọ̀ kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó ní kí n ṣe é. Ó rọra sọ̀rọ̀ kí n lè gbọ́. Ó ní ó yẹ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kúrò láti òkè itan. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò yè. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí àbúrò mi, ó ní bí wọn kò bá gé e, kò ní rí òjò àkọ́rọ̀.

Mo túmọ̀ ti àkọ́kọ́. Mo túmọ̀ ti èkejì. Nígbà tí mo fẹ́ sọ ìkẹta, mo rí i pé àbúrò mi tẹjú mọ́ ẹnu mi, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tí yóò jáde. Mo pa ẹnu mi dé.

"Kí ni wọ́n ní kí wọ́n gé?" ni bàbá mi bi mí.

"Ẹsẹ̀ náà, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó dìde. Ó ní, "Sọ fún un pé a dúpẹ́."

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e."

Gbogbo wa yíjú sí i. Òyìnbó tí kò gbọ́ ohun tó sọ pàápàá yíjú.

"Dákẹ́," ni bàbá mi wí.

"Ó ń dùn mí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹ ó gbẹ́ igi sí i fún mi, ẹ ó fi irin dè é nídìí."

"Mo ní kí o dákẹ́. Ta ni yóò fẹ́ obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan?"

"Ta ni yóò fẹ́ òkú?"

Ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ní ayé ìgbà náà pàápàá. Mo rò pé yóò gbá a létí. Kò gbá a. Bí ìgbà kan bá wà tó yẹ kí n sọ gbólóhùn kẹta yẹn, ìgbà náà ni. N kò sọ ọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n délé láì jẹ́ kí n gbà á.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ikọ́ bẹ̀rẹ̀, mímí sì ń nira fún un. Ìrora náà kò jẹ́ kó sùn. Àwọn ará ilé tí kì í yé gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí wọ́n má bàa gbọ́ ìkérora rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ó ní òun fẹ́ ẹ̀kọ mímu lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti béèrè oúnjẹ, nítorí náà inú ìyá wa dùn. Ó bù ú sínú igbá, ó ń fẹ́ ẹ kó tutù díẹ̀. Ó yí padà láti gbé e fún un. Àbúrò mi ti kú. Kò pẹ́ tó bí èèyàn ṣe ń fẹ́ ẹ̀kọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àwọn ọmọdé bọ́ síta, wọ́n ń jó. Mo dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn òyìnbó náà létí mi.

Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọdé. Nílẹ̀ wa, a kì í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, a kì í yìnbọn fún un, bàbá àti ìyá kì í sì mọ ibi tí a sin ín sí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló gbé e lọ. Àwọn èèyàn wá kí wa, wọ́n ní ẹ kú ìrọ́jú, wọ́n ní irú rẹ̀ kò ní wọlé wa mọ́, wọ́n sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú agbo ilé. Ó dà bí ẹni pé a kò bí i rí. Ìyá mi kò gba ara àpáta lọ sódò mọ́. Ọ̀nà jíjìn tó yí òkè po ló ń gbà, á sì lo ìdajì òwúrọ̀ kó tó padà.

Bàbá mi pa iná àgbẹ̀dẹ. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó dá a padà. Nígbà tó dá a, kò rọ ọkọ́, kò rọ àdá. Irin gbọọrọ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń rọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń tò wọ́n ti ara ògiri. Àwọn oníbàárà wá, wọ́n wò wọ́n, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, a jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ ìró irin lára òkúta. Gbogbo èèyàn sáré síta. Bàbá mi ló wà lára àpáta, níbi tó yọ̀ jù lọ. Ó ti kó igi jọ, ó dáná sórí àpáta, ó jẹ́ kí ibẹ̀ gbóná títí ó fi fẹ́ pọ́n, ó sì da omi tútù sí i. Àpáta náà sán bí ìbọn. Lẹ́yìn náà ló mú irin àti ọmọ owú tó fi ń lu irin, ó ń ṣí ibi tó sán náà kúrò.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. "Bàbá, kí ni ẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbẹ́ àtẹ̀gùn."

"Fún ta ni?"

Ó pe orúkọ àbúrò mi. Ketekete ló pè é, bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lódò. Ẹ̀yìn mi ni mo wò kó tó di pé mo rántí pé kò sí mọ́.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn àgbà ti dé. Ìyá àgbà tí ẹnu rẹ̀ mú yẹn ló ṣíwájú, àgbà ọkùnrin méjì sì tẹ̀ lé e.

"Orí rẹ dà rú ni?" ni ìyá náà wí. "A kì í ṣe ìrántí òfò. Ṣé o fẹ́ kí òmíràn tẹ̀ lé e ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, "Àpáta tó gbà wá lójú ogun. Ṣé iná àti irin la ó fi san án lóore?"

Bàbá mi gbé ọmọ owú sílẹ̀. N kò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ gígùn láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú.

"Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá kú, ọmọ yín yóò máa jẹ́ orúkọ yín. Ọmọ mi kò kọ́ ilé, kò bí ọmọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń gun ibí yìí, tó ń sọ̀. Kò tíì pé ọdún kan tó kú, ó sì ti dà bí ẹni tí kò wá rí. Àpáta yìí gba gbogbo wa lójú ogun. Kó gba òun náà."

"Òfò ni," ni ìyá àgbà wí. "A kì í pe orúkọ rẹ̀." Ó yí padà, ó sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé má ṣe fún un ní igi ìdáná.

Láti ọjọ́ náà, èmi ló ń bá a ṣẹ́ igi lóko. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo ń bá a ru omi, mo ń bá a kó òkúta tó ti já. Iṣẹ́ náà kò yá rárá. Àtẹ̀gùn kan lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, òmíràn a sán síbi tí a kò fẹ́, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé mì ń jẹ mí nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí a ti jókòó tí a ń dúró kí òkúta gbóná, ó bọ́ lẹ́nu mi.

"Bàbá, gbólóhùn mẹ́ta ni òyìnbó yẹn sọ."

Kò wò mí.

"Ó ní bí a kò bá gé e, kò ní rí òjò àkọ́rọ̀. N kò sọ fún yín."

Ó dìde, ó gbé ìkòkò omi, ó dà á sórí àpáta. Òkúta sán, èéfín bò wá. Láti inú èéfín náà ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"N kò gbédè wọn, àmọ́ ojú kò ní èdè méjì. Bó ti ń sọ ti ìkẹta, ojú rẹ̀ wà lára ọmọ náà. Ojú tìrẹ kúrò lára mi. Mo mọ ohun tó sọ, mo sì tún pọ̀n ọ́n délé. Má gbé ẹrù mi rù. Bá mi mú irin yẹn wá."

N kò mú irin kankan wá. Mo jókòó síbẹ̀. Odindi ọdún kan ni mo fi ń rò pé ìdákẹ́jẹ́ mi ló pa àbúrò mi. Bàbá mi sì ti mọ̀! Ó mọ̀, ó sì kọ̀. Kàkà kí ara mi fúyẹ́, ìbínú ló gbé mi. Mo fi í sílẹ̀ sórí àpáta, mo lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé, mo sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ní ọjọ́ kẹfà, mo lọ bá òyìnbó náà. Mo bi í léèrè pé bí a bá jẹ́ kó gé ẹsẹ̀ náà, ṣé àbúrò mi ì bá yè? Ó ní òun ti rí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní ìlú tòun, òun sì ti bá wọn gé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun kò tíì rí ẹni tó pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní ká gé e?"

"Nítorí ìrora náà," ni ó wí. "Ì bá fi oṣù mélòó kan sùn dáadáa kó tó lọ."

Lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí àbúrò mi wí lọ́jọ́ náà: Ó ń dùn mí, Bàbá. Àbúrò mi kò béèrè ju ohun tí oníṣègùn náà fẹ́ fún un lọ. Òun nìkan ló gbọ́ ohun tó yẹ ká gbọ́, kò sì gbédè òyìnbó.

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó bóyá kí n sọ fún bàbá mi. Ìdajì rẹ̀ yóò tù ú nínú. Ìdajì kejì yóò gún un. Mo ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un rí. Mo bá a lórí àpáta, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láì yọ ọ̀kan. Nígbà tí mo sọ pé ì bá kú náà ni, kò mira. Nígbà tí mo sọ ti ìrora, ọmọ owú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sínú odò. Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ tí iná ti jó lápá tí kì í ṣẹ́jú, jókòó sórí àtẹ̀gùn tí kò tíì parí, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omijé rẹ̀ nìyẹn. Mo wọ inú odò, mo wá ọmọ owú náà títí mo fi rí i, mo gbé e padà wá fún un.

Ọ̀gbẹlẹ̀ méjì ló fi parí àtẹ̀gùn náà, láti ẹ̀yìn ilé títí dé etí omi. Kò sí ayẹyẹ. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo agbo ilé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyá àgbà jáde pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Ó dúró lókè àpáta pẹ́. A ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó dúró. Lójijì ó pariwo orúkọ àbúrò mi, bó ti máa ń pariwo rẹ̀ nígbà tó wà láyé.

Láti inú ilé, ìyá mi dáhùn.

"Èè," ni ó wí.

Ó jáde pẹ̀lú ògì lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìyá àgbà. Àwọn méjèèjì jọ tẹ àtẹ̀gùn náà títí dé ìsàlẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gòkè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ àbúrò mi pe ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Dàhómì tún wá dojú kọ wá, tí àwọn ọkùnrin wà lórí odi ìlú, ara àtẹ̀gùn náà ni àwọn obìnrin agbo ilé wa gbà pọn omi lọ fún wọn láti òwúrọ̀ títí ogun fi túká. Bàbá mi rí ìyẹn kó tó kú.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àtẹ̀gùn náà sán, àgbàrá sì gbé e lọ. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin agbo ilé níbẹ̀, wọ́n ti dáná, wọ́n ń gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. N kò rán wọn níṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ti bí nígbà ayé àbúrò mi. Ọ̀kan nu òógùn ojú rẹ̀, ó bi mí léèrè pé, "Bàbá, ta tiẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibí yìí? Olóyè ni àbí jagunjagun?"

Mo sọ fún un. Ó gbé irin sílẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún?" ni ó wí. "Ẹsẹ̀ ló pa á?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo àtẹ̀gùn náà láti òkè dé etí omi, ó sì tún gbé irin rẹ̀. Èmi náà gbé ìkòkò, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi tí wọn yóò dà sórí òkúta.